Ìwé Tí Wọ́n Ní Mo Mu

Ìwọ tí o ṣubú tí eegun rẹ fọ́, tàbí tí o ní egbò tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, ìwọ gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ràímì ni orúkọ mi. Àgbẹ̀ oníṣu ni mí ní Kambolé kí ẹsẹ̀ mi tó di ohun tí mò ń ròyìn rẹ̀ yìí. Lẹ́tà Lárúbáwá ni mo fi kọ ọ́, ní èdè wa, kí ẹni tó lọ ilé kéú lè kà á fún ẹni tí kò lọ. Má retí pé n ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́. Inú ń bí mi. Láti ọjọ́ tí mo ti darí dé láti Sokodé ni inú ti ń bí mi, bí mo bá sì ní kí n dúró kó rọ̀ kí n tó kọ̀wé, n kò ní kọ ọ́ láéláé.

Ẹni tó bá ń gbé agbègbè wa mọ iṣẹ́ ọ̀nà. Àwọn Jámáánì tó wà ní Sokodé ní kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan máa mú ọkùnrin kan wá, yálà kó wá gbẹ́ ọ̀nà tàbí kó wá fa kẹ̀kẹ́ ẹrù. Àwọn dógárì, àwọn ẹ̀ṣọ́ onípàṣán wọn, ló ń wá múni nílé. Ní agbo ilé tiwa, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Sàlámì ni ọkùnrin tó lè ṣe iṣẹ́ náà, ọmọ ìyá kan, ọmọ bàbá kan. Sàlámì kàwé jù mí lọ. Òun ló ń ṣe hàntú fún gbogbo àdúgbò: á fi tàdáwà kọ áyà Kùránì sára wàláà, á fi omi fọ̀ ọ́ sínú igbá, aláìsàn á sì mu omi dúdú náà. Èmi náà mu hàntú rẹ̀ láìmọye ìgbà, n kò sì sọ pé kò jẹ́.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Sàlámì ni iṣẹ́ ọ̀nà kàn. Ó wá bá mi lóko, ó fọwọ́ di àyà mú.

"Ràímì, àyà ń dùn mí. Bá mi lọ lẹ́ẹ̀kan yìí. Bó bá di ìgbà tìrẹ, èmi ni n ó lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé àyà ló ń dùn yín, àbí ẹ̀bù tí ẹ fẹ́ gbìn ló ń pè yín?"

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo lọ. Bí ọmọ ìyá ẹni bá bẹni, kí lèèyàn fẹ́ wí?

Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ní kí a fà, irin ni ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, irin tí wọ́n fẹ́ fi ṣe afárá ló sì kún inú rẹ̀. Àwa kan wà níwájú tí à ń fà á, àwọn kan wà lẹ́yìn tí wọ́n ń fi okùn dá a dúró bí ọ̀nà bá sọ̀ kalẹ̀. Láàárín Tchamba sí Sokodé, ibì kan wà tí ọ̀nà ti rọ̀ wálẹ̀ lọ sí odò kékeré kan. Ibẹ̀ ni okùn já. Mo gbọ́ tí ẹnì kan pariwo ní Tem, èdè àwọn ará Sokodé, mo bojú wẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ ti ń bọ̀. Mo fò. Gbogbo ara mi bọ́, àfi ẹsẹ̀ òsì.

Ohun àkọ́kọ́ tí n ó kọ́ ọ nìyí: kò dùn mí. Má ṣe jẹ́ kí ìrora ni yóò sọ fún ọ bí ọ̀ràn ṣe tó. Òtútù ni mo mọ̀ lára, bí ìgbà tí ènìyàn ki ẹsẹ̀ bọ odò ní àárọ̀ ọyẹ́. Mo tilẹ̀ ń sọ fún wọn pé kí wọ́n bá mi wá bàtà mi. Ìgbà tí mo rí i pé kò sẹ́ni tó fẹ́ wo ojú mi ni mo wo ẹsẹ̀ náà fúnra mi, mo rí eegun tó yọ síta, ìrora sì dé lójijì.

Òyìnbó tó ń bójú tó iṣẹ́ ọ̀nà wá dúró lé mi lórí. Ó yọ igi kékeré kan tó fi há etí, ó ya abala kan nínú ìwé pélébé tó wà lápò rẹ̀, ó kọ nǹkan sí i, ó sì fi lé mi lọ́wọ́. Ògbufọ̀ rẹ̀ tẹ̀ ba, ó sọ fún mi ní Tem pé, "Di ìwé yìí mú dáadáa. Oògùn rẹ wà nínú rẹ̀."

Ohun tó sọ nìyẹn, mo sì gbọ́ Tem dáadáa. Bóyá ó ń kánjú, nítorí wọ́n ń pè é kó wá bá wọn gbé kẹ̀kẹ́ dìde. Kò sọ ibi tí n ó gbé ìwé náà lọ, kò sì sọ ẹni tí n ó fi hàn.

Àwọn tí a jọ ń fa kẹ̀kẹ́ gbé mi padà sí Tchamba, wọ́n ránṣẹ́ sí Kambolé. Ọjọ́ kejì ni Sàlámì dé. Ó sunkún. Mo rí omijé rẹ̀, n kò sì rò pé irọ́ ni omijé náà, títí di òní. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ baba kan tó máa ń to eegun. Baba yìí gba àgbò kan, ó gba agbádá ọdún mi, ó sì ní kí wọ́n mú adìẹ kan wá. Ó ṣẹ́ adìẹ náà lẹ́sẹ̀, ó to ẹsẹ̀ adìẹ, ó to tèmi, ó fi pákó di méjèèjì. Ó ní ọjọ́ tí adìẹ bá rìn ni èmi náà yóò rìn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa nìyẹn, n kò ta kò ó. Wọ́n gbé èmi àti adìẹ mi lọ sílé ní Kambolé.

Adìẹ náà rìn. Ó rìn, ó sáré, ó ń jẹ àgbàdo kiri àgbàlá. Èmi dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ibà ń fi mí gbọ̀n, omi sì ń jáde lábẹ́ pákó tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ mi. Bí ẹni tó wá kí mi bá ti wọlé, á kọ́kọ́ fa imú, á wá ṣe bí ẹni pé kò gbọ́ òórùn kankan. Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, bí àlejò bá ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà dípò kó súnmọ́ ọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé egbò náà ń san.

Ìyá wa ló rántí ìwé òyìnbó. Ó bi mí léèrè ohun tí ògbufọ̀ wí, mo sì tún un wí bí mo ṣe gbọ́ ọ.

"Oògùn wà nínú rẹ̀?" ni Ìyá wí. "Kí lẹ wá ń wò? Sàlámì, fọ̀ ọ́ fún un kó mu ún."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Kí ni àwa mọ̀ tí ènìyàn ń fi ìwé tí oògùn wà nínú rẹ̀ ṣe, bí kì í ṣe kó fọ̀ ọ́ kó mu ún? Sàfíà ìyàwó mi nìkan ló wo ìwé náà títí, ó ní bóyá ká kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ ìwé òyìnbó. Sàlámì ní ìwé ni ìwé ń jẹ́. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó wọ yàrá rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì gbé igbá omi dúdú jáde. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé orí mi sókè.

"Bísímílà. Mu ún tán, àbúrò mi. Má ṣẹ́ ìkankan kù."

Mo mu ún tán. Mo tilẹ̀ lá etí igbá.

Ní bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ohùn àwọn dógárì lójúde. Wọ́n ń mú ọkùnrin fún iṣẹ́ ọ̀nà, àyà mi sì já fún ẹ̀gbọ́n mi. Sàlámì jáde lọ bá wọn, wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n sì kọjá lọ sí agbo ilé kejì. Wọ́n tún wá lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún kọjá. Mo ní Ọlọ́run ló ṣíjú àánú wò wá, pé òfò kan ti tó ilé wa. Mo dúpẹ́ lórí ẹní tí mo dùbúlẹ̀ sí.

Nígbà tí àwọ̀ ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, Sàfíà ní Sokodé ni òun ń gbé mi lọ, sọ́dọ̀ dókítà òyìnbó. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà. Àwọn àgbà ilé ní òyìnbó á gé ẹsẹ̀ náà. Ìyá ní ohun tí mo mu kò tíì ráyè ṣiṣẹ́. Ẹni tó le jù nínú wọn ni Sàlámì.

"Àìsàn kì í fẹ́ ìkánjú," ló wí. "Adìẹ ti rìn. Ẹ ní sùúrù, òun náà á rìn."

Sàfíà kúnlẹ̀ kó tó dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé adìẹ lẹ fẹ́ mi fún ni?"

Ó kó aṣọ tó hun pamọ́ fún ìgbéyàwó Mèmúnà ọmọ wa, ó tà á ní ọjà Tchamba. Òun ló fi ra oúnjẹ ọ̀nà. Àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì so aṣọ mọ́ ọ̀pá, wọ́n sì fi gbé mi lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò tẹ̀lé wa. Ó ní àyà ń dun òun.

Ní Sokodé, opó kan tó ń ta obì ní àdúgbò Komah gbà wá sílé. Láràárọ̀, wọ́n á gbé mi lọ sábẹ́ igi níwájú ilé ìwòsàn, a ó tò. Àwọn tó ní ìwé ìjọba ń kọ́kọ́ wọlé, àwọn tó lè sanwó tẹ̀ lé wọn, àwa yòókù ń wo oòrùn. Mú omi lọ́wọ́ bí ò ń lọ, mú nǹkan tí o lè fi bo egbò kí eṣinṣin má bà á. Má sì tijú òórùn rẹ, nítorí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ náà ń rùn.

Ọjọ́ kẹta ló kàn mí. Ẹni tó ń wẹ egbò níbẹ̀, ará ìhà Atakpamé ni, èdè rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tiwa. Ó ní, "Kí ló ṣe ọ́?"

"Kẹ̀kẹ́ ìjọba ló gun ẹsẹ̀ mi lójú iṣẹ́ ọ̀nà."

"Ìwé rẹ dà?"

"Mo ti mu ún."

Ó ní kí n tún un wí. Mo tún un wí. Ó tú u fún àwọn tó wà níbẹ̀ ní Tem, gbogbo abẹ́ igi sì bú sẹ́rìn-ín, títí kan obìnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ ti jóná. Ọ̀ràn burúkú tòun tẹ̀rín. Láti ọjọ́ náà, Mùwéèmu ni wọ́n ń pè mí.

Láìsí ìwé, mo di ẹni tí ń sanwó. Oògùn ní owó, aṣọ tí wọ́n fi ń di egbò ní owó, igi ìdáná tí wọ́n fi ń se omi gbígbóná, àwa la ó wá a. Sàfíà ta ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, ó ta ìkòkò tó bá a wá ilé ọkọ, ó wá ń gún iyán fún àwọn oníṣòwò tó ń wọ̀ sílé opó náà ká lè rí jẹ. N kò gbọ́ kó ráhùn rí. Bí mo bá ń sunkún, ẹsẹ̀ kọ́ ni mò ń sunkún sí nígbà mìíràn.

Dókítà wo ẹsẹ̀ náà, ó mi orí. Ó ní wọ́n ní láti gé e lábẹ́ orúnkún kí ìdíbàjẹ́ rẹ̀ má bàa gun òkè. Ó ní ká ní mo wá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni, fífọ̀ àti títò ni ì bá jẹ́. Ará Atakpamé tú u fún mi díẹ̀díẹ̀, ó sì ń wo ilẹ̀.

Ọjọ́ kejì, bó ṣe ń wẹ egbò náà, ó bi mí ní ohun kan tó ní ó ń jẹ òun lọ́kàn.

"Omi tí o mu yẹn, kí ni àwọ̀ rẹ̀?"

"Ó dúdú bí tàdáwà."

"Kí ni òyìnbó yẹn fi kọ ìwé náà?"

Mo rántí igi kékeré tó yọ létí. Mo ní kò ki í bọ tàdáwà kankan. Ó fa irú igi bẹ́ẹ̀ yọ lápò ara rẹ̀, ó kọ ìlà mélòó kan sórí ìwé, ó rì í sínú ọpọ́n omi mímọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n, ó fi ìka ra á. Ìwé rọ̀, ṣùgbọ́n ìlà dúró, omi sì funfun kedere.

"Irú èyí kì í ṣí," ló wí. "Arákùnrin, ìwé yẹn kọ́ lo mu."

Ó wá sọ ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń wí. Ó ń wí nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, kí ilé ìwòsàn tọ́jú ẹni yìí láìgba nǹkan kan. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú ènìyàn lágbo ilé rẹ̀ fún iṣẹ́ ọ̀nà títí ara rẹ̀ yóò fi yá.

Títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Mo rántí àwọn dógárì tí wọ́n ń kọjá lọ. Mo rántí ọpẹ́ tí mo dú. Bí mo bá gbé ìwé náà wá sí Sokodé, ilé ìwòsàn ni yóò gbà á lọ́wọ́ mi. Bí ara mi bá sì yá, agbára rẹ̀ tán. Bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń rà, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo pariwo débi pé dókítà jáde wá wò bóyá wọ́n ti gún mi nínú egbò.

Wọ́n gé e. Má bẹ̀rù ọjọ́ náà ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n á fi aṣọ tó ń ta sánsán bo imú rẹ, wàá sùn, o kò ní mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí o bá jí ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ á máa yún ọ, o kò sì ní rí ibi tí wàá họ. Ó ń dín kù bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́.

Nígbà tí mo fi ọ̀pá tiro wọ Kambolé, àwọn ará ilé péjọ láti kí mi. Sàlámì náà wà níbẹ̀, ara rẹ̀ ń dán, ebè rẹ̀ kún oko. Mo ní kí wọ́n bu omi sínú igbá wá. Mo gbé igbá náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú ìwé mi wá, kí ẹ fọ̀ ọ́ níbí kí gbogbo wa rí i."

Ó ní ìwé wo. Mo ní ìwé tí ẹ ń fi han dógárì. Ó wo Ìyá, ó wo àwọn àgbà, kò rí ibi tó máa gbé ojú sí. Ó wọlé, ó sì yọ ọ́ jáde nínú àpò awọ tó ń kó Kùránì sí. Ìwé náà ti rọ̀ nítorí bó ti ń ká a tó ń tú u. Ó rì í sínú omi. Ìwé tutù, ṣùgbọ́n ohun tí òyìnbó kọ dúró síbẹ̀, omi sì funfun.

"Ní Tchamba ni mo ti gbọ́ ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń ṣe, mo sì rò pé ẹsẹ̀ náà á san fúnra rẹ̀," ló wí. "Mo kàn fẹ́ gbin iṣu ọdún yìí parí ni. Iṣu yẹn náà la ó jọ jẹ, Ràímì."

Ẹ ò rí i? Kò purọ́ níbẹ̀ o. A jọ jẹ ẹ́. Ìyá mi ń sunkún, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n gba kádàrá, pé omi ló dànù, agbè kò fọ́.

"Ìyá," ni mo wí, "agbè ló fọ́."

Àwọn àgbà wa máa ń wí pé ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, mo rò pé àwọn tó ní orogún ni wọ́n ń bá wí. Nítorí náà, ìwọ tí ara rẹ kò dá, bí ẹnikẹ́ni bá fún ọ ní ìwé, béèrè ohun tó wí lọ́wọ́ ẹni méjì tí kò jẹ nǹkan kan níbẹ̀. Pa á mọ́ sára rẹ. Lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú egbò kí ó tó rùn, bí gbogbo ilé tilẹ̀ ní kí o dúró. Bí o bá sì ní aya bíi tèmi, tẹ́tí sí i nígbà àkọ́kọ́ tó bá sọ̀rọ̀.

Ara mi ti le báyìí. Kùkùté ẹsẹ̀ náà ti jinná, ó máa ń dùn mí nígbà ọyẹ́ nìkan. N kò lè kọ ebè mọ́, nítorí náà mò ń gbẹ́ ẹ̀rúkọ́ fún àwọn tó ń kọ ọ́, wọ́n sì ń wá láti Tchamba wá rà á. Aṣọ Mèmúnà, Sàfíà ti bẹ̀rẹ̀ sí í hun òmíràn. Agbo ilé kan náà lèmi àti Sàlámì ṣì ń gbé, nítorí Ìyá ní òun kò gbọdọ̀ fi ojú òun rí ìpínyà wa. Sàlámì ló ń lọ sí iṣẹ́ ọ̀nà báyìí, fún ìpín tirẹ̀ àti fún tèmi. Bó bá sì wà nílé, ní gbogbo ìgbà ìrun, á pọn omi, á gbé e wá síwájú mi nítorí pé ó ṣòro fún mi láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Omi àlùwàlá, mo máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Omi mímu, n kì í gbà á.